Ta Ló Hun Etí Súwẹ́tà Wa?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún akápò. Súwẹ́tà wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá etí rẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó rí bí egungun ìhà, tó máa ń fún mọ́ wa lára nígbà ọyẹ́. Ríìbù ni àwọn tó ń hun ún ń pè é.

Ẹ mú súwẹ́tà kan wò. Ara rẹ̀ ń dán níta, ó sì ṣe kókó-kókó nínú. Bí wọ́n bá hun ún bẹ́ẹ̀ délẹ̀, etí rẹ̀ á ká sókè bí ewé gbígbẹ. Ríìbù ni kì í jẹ́ kó ká: ìlà kan á kọjú síta, èyí tó tẹ̀ lé e á kẹ̀yìn síta, títí yóò fi yí aṣọ po. Ìdí nìyẹn tó fi ń fà, tó sì ń padà sípò.

Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. William Lee, ará Nottinghamshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rọ tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní 1589, ṣùgbọ́n aṣọ olójú kan náà ló ń hun. Ó tó ọdún 169 lẹ́yìn náà kí Jedediah Strutt tó dá ọgbọ́n sí i. Àgbẹ̀ ni ní Derbyshire, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe àgbá kẹ̀kẹ́ rí. Ẹnu àna rẹ̀, William Woollat, tó ń ṣòwò ìbọ̀sẹ̀, ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò tú ẹ̀rọ Lee palẹ̀ o. Ńṣe ló gbé ọ̀wọ́ abẹ́rẹ́ kejì síwájú rẹ̀, tí yóò máa yí ojú òwú padà. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1758 àti 1759. Derby Rib ni wọ́n sọ ọ́.

Kí 1850 tó pé, Matthew Townsend ará Leicester ti ṣe abẹ́rẹ́ tó ní ahọ́n kékeré tó ń ṣí, tó sì ń pa dé. Ní 1863, Isaac Lamb ní Amẹ́ríkà to irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì méjì tó fara ti ara wọn bí òrùlé. Ọmọ-ọmọ wọn ni ẹ̀rọ inú ilé tí Brother ṣe ní Japan (wọn ò ṣe é mọ́ báyìí). Abẹ́rẹ́ 200 ló wà lórí rẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá fẹ́ ríìbù á lọ ra bẹ́ẹ̀dì kejì lọ́tọ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìyá Onísúwẹ́tà ìdí géètì wa ò ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Èmi tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní 2001, tí mò ń kùn pé wọ́n ti pẹ́ jù, mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo lọ kí wọn nítorí ìwé ìròyìn yìí ni wọ́n tó fi hàn mí. Wọ́n á kọ́kọ́ hun etí náà lásán. Lẹ́yìn náà, nídìí abẹ́rẹ́ kẹta-kẹta, wọ́n á já ojú òwú náà sílẹ̀ kó tú délẹ̀, wọ́n á wá fi ìkọ́ kékeré kan gbé e sókè láti òdìkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gun àkàsọ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: abẹ́rẹ́ 120 fún iwájú, ẹyọ kan nínú mẹ́ta, ìlà 40 nìyẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan ga ní ojú 20. Ìgbà 800 ni wọ́n á fi ìkọ́ fa òwú, fún iwájú nìkan! Ẹ̀yìn ńkọ́? Apá méjèèjì ńkọ́? Ọrùn ńkọ́?

Mo ní kí n gbìyànjú ẹ̀. Ìlà kẹta ni òwú bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ló bá tú lọ ràì. Màmá rẹ́rìn-ín títí. “Ọmọ mi,” wọ́n ní, “ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé mo ń sùn nídìí iṣẹ́?” Ojú tì mí, mo dọ̀bálẹ̀.

Kí n tó dìde, wọ́n fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì. Àwọn tó gbé súwẹ́tà lọ tí wọn ò san owó tán ló wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì. Orúkọ mi wà níbẹ̀: ó ku 150 náírà. Mo san án, mo sì fi nǹkan lé e. Mo rí orúkọ ẹ̀yin kan náà, ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀ ẹ́ síbí. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò kúrò níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí, wọ́n sì máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́.