Joshua àbí Dick Tiger: Ta Ló Ju Ta Lọ?

Àríyànjiyàn àná fẹ́ẹ̀ dìjà, ẹ jẹ́ kí n là á.

Joshua, ọmọ Ṣágámù tiwa, ṣubú ní ìpele kẹfà níwájú Klitschko ní Wembley lọ́dún 2017. Ó dìde, ó sì ṣẹ́gun ní ìpele kọkànlá. Akọni ni.

Dick Tiger ńkọ́? Òun náà ti ṣòwò rí nílùú Aba. Ní August 10, 1963, ní Liberty Stadium n'Ìbàdàn, Fullmer ò lè jáde fún ìpele kẹjọ. Ní 1966, Tiger tún gba bẹ́líìtì àwọn tó wúwo jù ú lọ.

Lójú tèmi, Tiger ni. Ẹnìkan ní torí pé ọmọ Ìgbò ni, ká má kà á. Rárá o! Ẹni tó bá ń fi múdù èké wọn ọjà, oníbàárà á sá.