Agbọ́n Tín-ín-tín Tó Gba Igi Máńgòrò Là

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí ṣẹ lórí igi máńgòrò ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Àpá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, kò jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin. Ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà yìí, ṣùgbọ́n kòkòrò kì í gba ìwé ìrìnnà.

Ní nǹkan bí ọdún 1981 sí 1982, kòkòrò àjèjì kan yọjú lórí igi eléso ní Gánà, Tógò àti Benin. Ó funfun bí ohun tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí. Ó ń fa omi ara ewé mu, ó sì ń ya omi dídùn tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ewé tí omi yìí bá kán sí á bu, á dúdú bí ìdí ìkòkò, oòrùn kò sì ní ráyè kàn án. Igi á wà lóòró, ṣùgbọ́n èso á wọ́n. Ọdún 1986 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Rastrococcus invadens.

Ilẹ̀ Éṣíà ni kòkòrò náà ti wá. Nígbà tó ń bọ̀, àwọn ọ̀tá tó ń pa á jẹ nílé kò bá a wá. Àwọn onímọ̀ wá ọ̀tá náà lọ sí Íńdíà, wọ́n sì rí agbọ́n kan tí kì í ta ènìyàn, Gyranusoidea tebygi. Inú ara kòkòrò yìí ni agbọ́n náà ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú títí á fi kú. Wọ́n tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní Tógò lọ́dún 1987, àti ní Benin lọ́dún 1988. Díẹ̀díẹ̀, igi padà bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Ìṣirò kan tó jáde lọ́dún 2002 fi hàn pé èrè tí Benin ń rí níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dún, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìnáwó iṣẹ́ náà kò ju mílíọ̀nù 3.66 dọ́là lọ.

Lónìí, bí kòkòrò bá ti yọ lórí igi, oògùn apakòkòrò ni ọ̀pọ̀ ń sáré rà. Oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ó lè pa agbọ́n tó ń ṣọ́ igi pọ̀ mọ́ olè tó wá jí èso. Kí olóko tó fín oògùn, ó yẹ kó kọ́kọ́ yí ewé wò, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn.