Àáró Lísàbí àti Àwọn Ọmọ Tó Ń Kọ́ṣẹ́ ní Alábàtà

Wọ́n ní kí alukoro kọ ìtàn sínú ìwé yìí. Bí mo bá ní kí n máa ka iye òde tí a ti jọ lọ àti iye aṣọ tí a ti jọ dá, ilẹ̀ yóò ṣú. Ìtàn iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ: bí àwọn baba wa ṣe ń fi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, àti ibi tí okùn náà ti fẹ́ já mọ́ wa lọ́wọ́.

Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò mọ orúkọ Lísàbí Àgbòǹgbò-Àkàlà. A mọ̀ pé òun ló gba Ẹ̀gbá kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé kò fi ogun bẹ̀rẹ̀. Àáró ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàn sọ fún wa pé ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko: lónìí oko tèmi, lọ́tùn-únla oko tìrẹ. Inú ẹgbẹ́ àáró yẹn ni Ẹgbẹ́ Olórógun ti jáde. Nítorí náà, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, iṣẹ́ ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ń ṣe kó tó máa ṣe òde.

Nígbà tí àwọn baba wa tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni wọ́n. Oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi tún ayé wọn tò. Alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà, ahunṣọ, aláró, kò sí èyí tí kì í gba ọmọ kọ́ níṣẹ́. Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ohun mẹ́ta ló ń sin ọmọ náà dé ọjọ́ òmìnira. Èkíní ni ọ̀gá tó mọ iṣẹ́. Èkejì ni irinṣẹ́ tí yóò fi dá dúró. Ẹ̀kẹta ni onídùúró, ẹni tí yóò sọ pé, “Mo mọ ọmọ yìí, bó bá ṣìṣe, èmi ni kí ẹ bi.” Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ náà kì í jọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà. Ní 1854, Henry Townsend, àlùfáà C.M.S., gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ síbí, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, Ìwé Ìròhìn jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Láàárín àkókò kan náà, Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, bá Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, ṣe àdéhùn kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa lè kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ ya kóró kúrò lára òwú. Henry Robbin lọ kọ́ ọ ní Manchester, ó sì padà wá sí Abẹ́òkúta láti bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i: wọn kò kọ́ ọ níṣẹ́ kí wọ́n sì ní kó máa lọ. Clegg fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, ó sì ń ra òwú. Venn dúró fún un. Ọ̀gá wà, irinṣẹ́ wà, onídùúró wà.

Nígbà tí Ìfọ́lé dé ní oṣù Kẹwàá 1867, wọ́n lé àwọn òyìnbó, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Wọ́n lè fọ́ ilé, wọ́n sì lè kó ẹrù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti wọnú ọwọ́ ènìyàn, kò sẹ́ni tó lè kó o.

Ní ayé tiwa, nígbà tí ọrọ̀ ajé le koko, ìjọba àpapọ̀ dá N.D.E. sílẹ̀, ètò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1987. Wọ́n ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, télọ̀ àti káfíńtà, wọ́n sì ń fún wọn ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n tilẹ̀ ń kó irinṣẹ́ sínú ọkọ̀ ńlá lọ kọ́ àwọn ará abúlé. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ ọwọ́ ìjọba kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ lọ́jọ́ òmìnira.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1988, wọ́n dá yunifásítì ètò ọ̀gbìn sílẹ̀. Ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 10,000 ní ọ̀nà Alábàtà wa yìí ló wà lónìí. A dúpẹ́ fún un. Síbẹ̀, ẹ dúró lẹ́nu géètì náà láàárọ̀. Àwọn ọmọ àlejò ń wọlé lọ kàwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tiwa ló ń fi ọ̀kadà gbé wọn.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó wá bá mi ní báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó ti kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà parí, ó ti ṣe òmìnira, ó fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin. Fọ́ọ̀mù ní kó mú onídùúró méjì wá, àwọn tó ń gbowó oṣù. Kò ní. Mo kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀ pé kò kúnjú òṣùwọ̀n, mo sì pe ẹni tó kàn. Lọ́jọ́ kan mo gun ọ̀kadà lọ́nà Alábàtà, òun ló gbé mi. Ó kí mi dáadáa, kò sì gba owó lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Èmi tí mo mọ bàbá rẹ̀ ni mo béèrè pé ta ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nínú ìdúró yé mi, nítorí iṣẹ́ mi ni. Bí ẹni tí a dúró fún kò bá san, ọrùn wa ni gbèsè ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an ni Lísàbí ṣe dá àáró. Oko tó ń pa ẹnì kan, ẹgbẹ́ á ro ó parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá pín ìdúró fún ọmọ kan, díẹ̀díẹ̀ ni yóò kan kálukú bí ó bá kùnà. Bó bá sì san, owó náà yóò padà sínú àpótí fún ọmọ tó kàn. Bí a bá yọ nínú owó aṣọ ọdún kan, yóò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kan wà lórí tábìlì akọ̀wé lónìí, ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣe àáró yìí kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Mo ti kọ tèmi sí ìlà àkọ́kọ́. Mo sì ti wá ọmọ ọlọ́kadà yẹn lọ. Ó ní òun kò tíì gbàgbé iṣẹ́ náà.