Abẹ Kọ́ Ló Bí Irùngbọ̀n

Nílé onígbàjámọ̀ kan lẹ́bàá Heathway, ní Dagenham, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá gé irun. Ọmọ náà ò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ, irunmú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú bọ̀ lókè ètè. Bí onígbàjámọ̀ ṣe gbé ẹ̀rọ súnmọ́ ibẹ̀ báyìí, ìyá figbe ta: "Má fọwọ́ kan ibẹ̀ o! Tí abẹ bá ti kàn án pẹ́nrẹ́n, irùngbọ̀n dé nìyẹn." Gbogbo àwọn tó jókòó ló mirí. Ẹnikẹ́ni ò já a níyàn, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo wa nílé tiwa náà nìyẹn.

Àṣìṣe ni. Abẹ kì í sọ irun di líle, kì í mú un pọ̀, kì í mú un dúdú. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó ń ṣe é wà. N kì bá tí bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ irunmú ọmọkùnrin, bí kò bá ṣe pé mo ti rí ohun tí ìtàn abẹ yìí fi ojú ọmọbìnrin rí.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé nítòsí Goresbrook Park. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 17, ti lọ rí dókítà nítorí irun tó ń hù sí àgbọ̀n rẹ̀ àti sáàárín àyà, lẹ́tà sì ti dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o, terminal ni wọ́n kọ síbẹ̀." Mo mọ ohun tó bà á lẹ́rù. Ní ìlú tí a wà yìí, tí dókítà bá ti fi terminal mọ́ orúkọ àìsàn, ẹbí ti ń múra ìsìnkú nìyẹn. Mo ní kó ya fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Terminal hair ni wọ́n kọ.

Kò sí ikú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èdè Látìn ni wọ́n ti yọ ọ́, terminus, òpin tàbí ààlà. Irun tó ti dàgbà dé ibi tó ń dàgbà dé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi á pè é ní irun tó gbó, bí àgbàdo ṣe ń gbó. Ọmọ inú oyún ní irun tirẹ̀, lanugo, tó sábà máa ń re dànù kí wọ́n tó bí i. Èyí tó tẹ̀ lé e ni vellus. Ẹ gbé ọmọ kékeré síbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń wọlé, kí ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i: ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú, kì í sábà gùn tó mílímítà 2. Terminal ló kẹ́yìn, òun ló nípọn, tó gùn, tó dúdú. Irun orí àti irun ìpéǹpéjú ti gbó láti kékeré. Irun abíyá, irun abẹ́ àti irùngbọ̀n ń dúró de ìbàlágà.

Ihò kan náà ni vellus àti terminal ń gbà jáde. Gbogbo ihò irun ara wa, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5, inú ìyá la ti kó wọn wá, abẹ ò lè fi ẹyọ kan kún un. Tí ọmọ bá ń bàlágà, àwọn họ́mónù tí wọ́n ń pè ní androgen, tí testosterone jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbòǹgbò irun, àwọn ihò kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun tó gbó níbi tí vellus wà tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin ní họ́mónù yìí, obìnrin náà ní i, tobìnrin ló kéré. Ìsàlẹ̀ awọ ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń lọ. Èyí tí abẹ ń gé lókè ti kú, ìdí nìyẹn tí gígé rẹ̀ kì í fi í dun èèyàn.

Ẹni tó bá ní òun fojú ara òun rí i pé ó le sí i kò parọ́. Irun tí abẹ ò kàn rí, ṣóńṣó orí rẹ̀ máa ń tín-ín-rín bí ìrù eku. Tí abẹ bá gé e, ibi tó nípọn lára rẹ̀ ló máa yọrí padà, gbáńkú bíi kùkùté, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án á ní ó ti yí padà. Ìgbà tí a ń kọ́kọ́ fá a náà tún wà níbẹ̀. Ọdún 14 sí 18 ni ọmọkùnrin ń mú abẹ, ọdún yẹn gan-an sì ni họ́mónù ń ṣiṣẹ́. Ì bá má fá a rárá, á le.

Wọ́n ti dán an wò. Ní 1928, Mildred Trotter, onímọ̀ nípa ara èèyàn ní St. Louis, Amẹ́ríkà, ṣàyẹ̀wò irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin tó ń fá a, kò rí i pé fífá mú un yára hù tàbí kó nípọn. Ní 1970, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún máa fá irun ẹsẹ̀ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ò yàtọ̀ síra.

Ṣùgbọ́n a ò nílò Amẹ́ríkà láti mọ èyí. Ta ni kò mọ ìyá àgbà tí irun mẹ́ta mẹ́rin yọ lágbọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, tí abẹ ò sì kan ojú rẹ̀ rí láyé? Tó bá jẹ́ abẹ ló ń mú irun nípọn, ṣé apárí á ṣẹ́ kù nínú àwọn tó ń fárí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ẹ rántí àwọn ìwẹ̀fà ààfin Ọ̀yọ́ náà. Ọkùnrin tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá kó tó bàlágà, irùngbọ̀n kì í hù ú bó ti yẹ, abẹ ì báà máa gun ojú rẹ̀ láràárọ̀. James Hamilton tún kọ ọ́ ní 1942 pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í pá lórí. Họ́mónù kan náà tó ń mú irùngbọ̀n gbó ló ń dá irun orí ọ̀pọ̀ ọkùnrin padà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nítorí náà, orúkọ yẹn, terminal, kò tọ́ tán lójú mi: irun tí wọ́n ní ó ti dópin ṣì ń padà sẹ́yìn.

Ìyá tó figbe ta nílé onígbàjámọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù abẹ díẹ̀. Irun tiwa ká, tí abẹ bá sì gé e mú, ó lè tẹ̀ padà wọ inú awọ, kó di kókó wẹ́wẹ́ tó ń roni lágbọ̀n àti lọ́rùn. Ìpalára tí abẹ ń ṣe wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ti ọmọ àbúrò mi ló ká mi lára jù. Fún ọdún kan gbáko, ohun tí wọ́n ń sọ fún un nílé ni pé, "Ta ló ní kó o fi abẹ kàn án?" Wọ́n ti rí ẹlẹ́bi, ẹnikẹ́ni ò wá ìdí mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ lẹ́tà yẹn, mo bi àbúrò mi pé ọmọ náà ńkọ́. Ó ní ó wà lókè. Mo ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, kó pè é wá. Ìgbà tó gba fóònù ló tó sọ ọ́ pé òun ò rí nǹkan oṣù òun fún oṣù mẹ́rin, òun rò pé ọ̀rọ̀ abẹ náà ni.

Obìnrin bíi 1 nínú 10 ní Ìlú Ọba ló ní PCOS, ìṣòro ilé ẹyin tó lè mú androgen pọ̀ lára, kó da nǹkan oṣù rú, kó sì hu irun sí àgbọ̀n. Láti 1961 ni àwọn dókítà ti ń lo ìwọ̀n tí Ferriman àti Gallwey ṣe: wọ́n á wo ibi mélòó kan lára obìnrin, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4, irun tó gbó nìkan ni wọ́n sì ń kà. Ìdí tí terminal fi wà nínú lẹ́tà nìyẹn. Wọ́n ń ka irun ni.

Wọ́n ti fún un lọ́jọ́ tó máa wá fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, lẹ́tà náà wà lára fíríìjì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ ra abẹ tuntun fún un ní Heathway.