Àjòjì Kì Í Ṣe Agbalẹ̀: Orúkọ Ewé Àtọ̀húnrìnwá ní Ọ̀dàn Òkè-Ògùn

Ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ìyẹn ilẹ̀ koríko tí igi fọ́n ká sí láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, orúkọ ohun ìbílẹ̀ kò fún onímọ̀ ní wàhálà: igi òrí, igi irú, osè, ẹfọ̀n, ìgalà àti ọ̀yà ti ní orúkọ tí ó tó wọn.

Èyí tí ó le ni orúkọ ohun tí ó ti òkèèrè wá, tí ó tàn kálẹ̀, tí ó sì lé ti ìbílẹ̀ kúrò. Àwọn kan ń kọ ‘ohun abẹ̀mí àjòjì tí ń ṣe àkóbá fún àyíká’. Gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. ‘Àjòjì’ nìkan kò tó, nítorí Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá, wọn kò sì fi oko sílẹ̀ gba ọ̀dàn. Ewé Akíntọ́lá, tí òun náà ti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ wá, tí àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó bá irúgbìn igi gmelina dé Nàìjíríà láti Sri Lanka ní nǹkan bí 1937, kò rí bẹ́ẹ̀: èso rẹ̀ tín-ín-rín nírun lórí, ọyẹ́ a gbé e lọ, bí iná bá sì jó o, gbòǹgbò rẹ̀ a tún hù.

Jogbo, àjòjì olódòdó pupa rúsúrúsú etí ọ̀nà, ni ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí a ń wá. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewé, ‘agbale’ ni a tún ń kọ ọ́, láìsí àmì ohùn. Bí ‘gbá’ bá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, agbálẹ̀ ni, ẹni tí ń fi ìgbálẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ‘gbà’ bá ni, agbalẹ̀ ni, ohun tí ń gba ilẹ̀, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe a máa di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- tí ó wà nínú apẹja náà ni ó wà níbẹ̀. Agbalẹ̀ ni ó yẹ kí a mú, fún ewé àti fún kòkòrò ajàgbàdo tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní 2016. Ọmọ ìyá ajagungbalẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó sàn jù ú lọ níhìn-ín, nítorí ogun jíjà gba èrò ọkàn, ewé kò sì ní in.

Kí dóńgóyárò, igi Íńdíà tí ó jẹ́ orúkọ Haúsá, máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ; ẹnu ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́ ya ìbílẹ̀, àjòjì àti agbalẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n má sì fi àmì òkè sórí ‘gba’ nínú ìkẹta.