Ẹsẹ̀, Kẹ̀kẹ́ àti Mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde láti 1892: Iṣẹ́ Wo ni Kẹ̀kẹ́ Lè Gbà?

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, tí ó bèèrè ibi tí òun ti lè rí kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń fi ẹ́ńjìnì rìn ni wọn yóò nawọ́ sí fún un. Àwọn mìíràn a máa pe irú ọkọ̀ yìí ní Márúwá, nítorí Buba Marwa, ológun tí ó ṣe alákòóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Ẹni tí ó bá ń wá èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí ó sọ pé kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kò nílò àfikún kankan. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, kẹ̀kẹ́ ni ohun tí wọ́n fi ń ran òwú, òun náà sì ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lò fún ọkọ̀ ogun tí ẹṣin ń fà. Ohun tí ó bá ṣáà ti ń yí ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Pé kẹ̀kẹ́ ológeere ti pàdánù orúkọ rẹ̀ fún ohun tí ń mu epo jẹ́ ẹ̀rí kan nínú ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti orúkọ nìkan. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ gbéra pẹ̀lú rẹ̀, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì rí i pé ohun tí àwọn fi ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oúnjẹ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti tún ń jẹ jáde pé kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ kò lè padà wá gba ipò mọ́tò. Àwọn tí ó gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ a máa tọ́ka sí Netherlands; àwọn tí kò gbà a máa tọ́ka sí oòrùn, òjò àti jíjìn ọ̀nà. Síbẹ̀ ohun kan wà tí ìhà méjèèjì jọ gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò, èyí sì ni pé iṣẹ́ kan náà ni kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò jọ ń ṣe, tí mọ́tò wá gbà á mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Ìtàn Ìjẹ̀bú-Òde kò fi ìyẹn hàn. Ẹsẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí aláàárù ni mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alùpùpù ni ó sì lé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú títì.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ọ̀nà ni ọrọ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn oníbodè ni ó ń pinnu ẹni tí yóò ti òkè kọjá dé etí ọ̀sà, orí ènìyàn sì ni ẹrù ń gbà lọ. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé ọjà Éjìnrìn ju ogún kìlómítà lọ. Nǹkan bí ọgọ́ta pọ́n-ùn, èyí tí ó jẹ́ kìlógíráàmù 27, ni ẹrù aláàárù kan nígbà ìjọba amúnisìn. Lẹ́yìn ogun náà ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún tolórí tẹlẹ́mù, ṣùgbọ́n ẹrù kò kúrò lórí. Ọkọ̀ ojúirin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Abẹ́òkúta kọjá. Kò yà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Ìlú tí ó ti ń gbowó bodè láti ìgbà pípẹ́ wá rí i pé ọ̀nà tuntun ti yẹ òun sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tí ó mú kí ará Ìjẹ̀bú tètè fi owó sí mọ́tò nígbà tí ó dé, nítorí ẹni tí réluwéè kò yà sí ilé rẹ̀ kò ní ohun mìíràn tí yóò gbójú lé.

Ọ̀nà mìíràn ni kẹ̀kẹ́ gbà wọlé. Àwọn tí ó tètè gùn ún ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìwé àti àyẹ̀wò: olùkọ́, ajíhìnrere, akọ̀wé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó, àti wolé-wolé tí ń yẹ ìkòkò omi wò láti agbolé dé agbolé. Àwọn wọ̀nyí kì í ru ẹrù. Ara wọn ni wọ́n ń gbé kiri. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan lè fi kẹ̀kẹ́ rin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fún olùkọ́ tí ilé rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà ní Ìmọ̀dì tàbí Ìjàgun, ìyàtọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí ó lè máa sùn sílé. Raleigh àti Hercules, tí àwọn méjèèjì ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ni orúkọ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́, ẹni tí kò bá sì tíì san án a mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí yóò gbà kí akọ́dà má bàa rí i. Àwọn ọmọdé a háyà kẹ̀kẹ́ fún ìwọ̀nba àkókò láti fi kọ́ bí wọ́n ti ń gùn ún, egbò orúnkún sì ni ìwé ẹ̀rí wọn. Nígbà tí ó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọwọ́ àgbẹ̀, dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu tí ń so agbè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń lọ bá oníbàárà nílé.

Àwọn tí ń kọ̀wé nípa kẹ̀kẹ́ lóde òní kì í sábà kíyè sí i pé ohun ọkùnrin ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ ní Ìjẹ̀bú. Irin àárín rẹ̀ kò bá ìró mu. Ojú tí àwùjọ fi ń wo obìnrin tí ó bá gùn ún kò dára. Pabanbarì rẹ̀, iṣẹ́ tí obìnrin ń fi ìrìn ṣe kì í ṣe kí ó gbé ara rẹ̀ nìkan: ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, igbá tàbí apẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ọjà Òkè-Àjẹ ni ó ń lọ. Kẹ̀kẹ́ dín ìrìn ọkọ kù. Kò dín ẹrù ìyàwó kù. Lọ́jọ́ tí ẹrù náà kúrò lórí obìnrin, inú mọ́tò ni ó bọ́ sí.

Bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀, ni ó gba gàrí, kòkó, obì àti aṣọ. Ìran àwọn oníbodè àtijọ́ tún rí ọ̀nà kan tí wọ́n lè jókòó tì. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹnnẹ́ ní Rẹ́mọ, ṣe òwò ọkọ̀ àti òwò kòkó kí ó tó lọ kọ́ nípa òfin ní ìlú òyìnbó, ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní gbogbo àkókò yìí, mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ kò bá ara wọn jà. Olówò a wọ mọ́tò lọ sí Èkó, tí ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, bí ó bá sì padà dé, a gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí oko. Kò sí ẹni tí ó rò pé ọ̀kan lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ogun Àgbáyé Kejì dán èyí wò. Bẹntiróòlù di ohun tí ìjọba ń wọ̀n fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń wo ọ̀rọ̀ láti òkèèrè lè rò pé ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ yóò gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Japan gba Malaya ní 1942, rọ́bà di ohun ìjà, táyà sì wọ́n, ti mọ́tò àti ti kẹ̀kẹ́ bákan náà. Kẹ̀kẹ́ tí kì í mu epo kò bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun tí ó ń kó táyà rẹ̀ wá.

Ẹni tí ó wá tú okùn yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Adéọlá Odùtọ́lá, oníṣòwò tí wọ́n bí ní 1902, tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onílé iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1971. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni ó dá ilé iṣẹ́ táyà àti túbù kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí èyí. Odùtọ́lá kì í ṣe aláàánú tí ń fi owó ṣòfò. Bí ó bá kọ́ ilé iṣẹ́ fún táyà kẹ̀kẹ́, a jẹ́ pé ó rí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tí ó tó láti ra táyà náà. Ìlú tí ojúirin yẹ̀ sílẹ̀ ti wá ń ṣe apá tí ó máa ń tètè gbó jù lára kẹ̀kẹ́. Àfi bí ẹni pé ìlú náà ti múra tán fún ọjọ́ kan tí epo yóò wọ́n.

Ọjọ́ náà dé ní 1973, ṣùgbọ́n ìdàkejì ohun tí ó ṣe ní ìlú òyìnbó ni ó ṣe níbí. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá fa epo sẹ́yìn, Netherlands ka mọ́tò léèwọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi láti oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń bínú tẹ́lẹ̀: ní 1971, ó ju 3,000 ènìyàn lọ tí ó kú lójú ọ̀nà wọn, tí ó ju 400 lọ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ìbínú yìí àti ọ̀wọ́n epo ni ó bí àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ayé ń ròyìn. Wọ́n ti fẹ́ gbàgbé kẹ̀kẹ́ kí ó tó di pé wọ́n padà sí i. Èyí kì í ṣe àṣà tí wọ́n bí mọ́ wọn. Ní ti Nàìjíríà tí ń ta epo, owó tí ó fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀ náà ni ó fi ra mọ́tò. Ìgbìmọ̀ Udoji jábọ̀ ní 1974, owó oṣù tuntun àti àjẹsílẹ̀ rẹ̀ sì jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó. Olùkọ́ tí kò lè ra èyíkéyìí nínú wọn ra Honda. Honda yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ìtàn tí a ń sọ, nítorí ìrìn olùkọ́ kò gùn sí i. Ìmọ̀dì wà níbi tí ó wà. Ohun tí ó yí padà ni iyì. Kẹ̀kẹ́ tí ó ti jẹ́ àmì ọ̀mọ̀wé di àmì ẹni tí Udoji kò kàn.

Ọ̀nà náà sì yí padà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, èyí tí ó ti Ṣágámù lọ sí Benin sì gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Kò sí ẹni tí ó ya etí ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ nínú wọn. Ẹni tí ó bá gùn ún níbẹ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká ní ipò alága, ìyára àwọn awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó gba gbogbo ènìyàn lọ́kàn. Nígbà náà, oníkẹ̀kẹ́ ti ń dín kù lójú ọ̀nà.

Ìdánwò kẹta ni ti 1986, nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí mọ́tò tuntun sì kọjá agbára akọ̀wé. Lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ̀kẹ́ kò padà. Alùpùpù tí àwọn olówó oṣù rà nígbà tí nǹkan dára ni ó di akérò, ó sì gba orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Ọ̀kadà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí kẹ̀kẹ́ ológeere ti ń gbé èrò fún owó kí alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zemidjan tó gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Àpẹẹrẹ Àjàṣẹ́ wúlò ju ti Netherlands lọ, nítorí ó fi hàn pé kẹ̀kẹ́ lè gbé ẹlòmíràn ní ilẹ̀ gbígbóná, ó sì tún fi hàn ohun tí ó máa ń borí rẹ̀. Ní ti oòrùn tí àwọn kan fi ń ṣe àwáwí, Ouagadougou gbóná ju Ìjẹ̀bú-Òde lọ, kẹ̀kẹ́ sì kún ìgboro rẹ̀.

Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ kò lè gba iṣẹ́ mọ́tò tí ń lọ sí Èkó, kò sì gbà á rí. Iṣẹ́ ọ̀kadà àti Márúwá nínú ìgboro ni ó lè gbà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Láti àárín ìlú dé Ìjàgun, níbi tí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Táí Ṣólàrín wà, kò tó kìlómítà mẹ́wàá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ dá lè fi kẹ̀kẹ́ débẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí ó ń bẹ láàárín òun àti kẹ̀kẹ́ náà ni etí ọ̀nà tí kò sí, àti ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè la etí ọ̀nà. Ẹ̀rín nira díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé ó ti yí padà ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìran méjì. Ti obìnrin tí ó ní ọmọ lẹ́yìn àti apẹ̀rẹ̀ lórí, tí ń lọ sí Òkè-Àjẹ, ni kò tíì ní ìdáhùn. Òun ni ó ń sanwó Márúwá lójoojúmọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere kò sì tíì ṣe nǹkan kan fún un láti ìgbà tí ó ti dé.