Idà Ọ̀wọ̀ tàbí Idà Ìbíní? Bí A Ṣe Lè Mọ Orírun àti Òdodo Idà Àtijọ́

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ìbíní ní oṣù kejì ọdún 1897, ibi tí wọ́n ti rí ohun kan ni wọ́n kà sí ibi tí a ti ṣe é. Báyìí ni orúkọ Ìbíní ṣe lẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ eyín erin ní ilẹ̀ Yúróòpù, títí William Fagg àti àwọn onímọ̀ mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí Ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun díẹ̀ nínú wọn. Idà ni a fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú pépà yìí.

Ní Ìbíní, oríṣi idà oyè méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkíní ni ada, tí ojú rẹ̀ tẹ̀, tí ó sì fẹ̀ níhà ṣóńṣó. Òun ni àmì àṣẹ lórí ìyè àti ikú. Èkejì ni eben, tí ó fẹ̀ bí ewé, tí àwọn ìjòyè fi ń jó níwájú Ọba. Ní Ọ̀wọ̀, udamalore, ìyẹn idà ẹni tí a bí ire, ni Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè ńlá ń so mọ́ ìbàdí ní ọjọ́ ayẹyẹ. Àwọn kan wà tí a fi eyín erin gbẹ́. Irú wọn kò lè gé ẹran, kò sì yẹ kí á fi mímú wọn dá wọn lẹ́jọ́.

Ṣé ìrísí tó láti fi parí ọ̀rọ̀? Kò tó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ọ̀wọ̀ sọ pé Ọlọ́wọ̀ Ọ̀ṣọ́gbóyè gbé ààfin Ìbíní kí ó tó jọba. Bí a bá rí idà tí ó jọ eben ní Ọ̀wọ̀, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ìrísí ń sọ irú lílò tí a lo idà. Kò sọ ẹni tí ó ṣe é.

Ọnà ara idà ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyẹ tí ó di ejò mú àti àwòrán tí ó wọnú ara wọn ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà sí ọwọ́ Ọ̀wọ̀. Ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di ẹja kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó pọ̀ ní Ìbíní pẹ̀lú. Ohun tí àwa gbára lé jù ni àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó'Lájà, ní Ọ̀wọ̀, ní ọdún 1971, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Eyín erin ti rìnrìn àjò. Ère amọ̀ wọ̀nyí kò rìn. Àwọn ni ó yẹ kí á fi ọnà idà wé. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ kan gbà pé àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ gbẹ́ eyín erin ní Ìbíní gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ Igbesanmwan. Nítorí náà, ọwọ́ ni ọnà ń fi hàn, kì í ṣe ibùdó.

Ní ti idà onírin, ọ̀rọ̀ òdodo le ju ti orírun lọ. Ìpẹtà ni àwọn olùrà ń kọ́kọ́ wò, òun gan-an ni kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ilẹ̀ tútù lè mú irin tuntun dípẹtà láàárín oṣù díẹ̀. Inú irin ni kí á wò. Irin tí a fi èédú yọ́ nínú ìléru ìbílẹ̀, irú èyí tí Bellamy ròyìn rẹ̀ ní 1904 láti ẹ̀bá Ọ̀yọ́, máa ń ní fọ́nrán ìdàrọ́ nínú. Irin tí a ṣe ní ọ̀nà Bessemer ti ọdún 1856 kò ní in bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irin tí àwọn Òyìnbó ń kó wá ṣáájú ìgbà náà ní in pẹ̀lú. Àìsí ìdàrọ́ pàápàá kò sọ idà di ayédèrú: alágbẹ̀dẹ ń tún irin òyìnbó rọ, ó sì lè rọ ojú tuntun sí èèkù àtijọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé idà tí a tún rọ fún olóyè kì í ṣe ojúlówó, òfin àwọn oníṣòwò ni ó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ààfin.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìkéde Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà sọ pé Ọba Ìbíní ni ó ni àwọn ohun tí wọ́n kó ní ààfin rẹ̀ ní 1897. Bí udamalore kan bá wà láàárín wọn ńkọ́? Èrò tiwa ni pé orírun àti ìní kì í ṣe ọ̀kan. Idà Ọ̀wọ̀ lè dé Ìbíní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tàbí iṣẹ́ tí Ọba gbé fún oníṣẹ́ ọnà. Kí ó padà sí ààfin Ìbíní, ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ Ọ̀wọ̀ sí i lára.